Ọdún Tí A Kò Fi Èbù Sílẹ̀ Nínú Ebè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kambolé, ọwọ́ mi ló wúlò jù nílé wa, nítorí ẹnu mi kì í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ náà kéré, ó sì lè wọ inú ebè láì ba nǹkan jẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí iṣu èṣí ti tán nínú àká, tí àgbàdo oko kò sì tíì gbó, bàbá mi á mú mi lọ sí oko láàárọ̀. Á tú ẹ̀gbẹ́ ebè, á gé iṣu lọ́rùn, á sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lára ìtàkùn. Èmi ni màá kó erùpẹ̀ bò ó padà, tí màá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí a bá ṣe é dáadáa, ìtàkùn náà kò ní kú. Á tún ta àwọn iṣu kéékèèké sí ìsàlẹ̀, àwọn yẹn sì ni èbù tí a ó gbìn ní ọdún tó ń bọ̀. Bí mo bá já ìtàkùn, bàbá mi kì í pariwo. Á kàn fi ìka méjì kan orí mi, kọ́-kọ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní apá ibẹ̀ mọ ebi àsìkò yẹn. Ọbẹ̀ ilá máa ń pọ̀ ju tùwó lọ nínú àwo, a ó sì máa lá ọwọ́ títí tí ìyá mi á fi bi wá bóyá a fẹ́ jẹ ọwọ́ náà mọ́ ọn. Tí a bá ń ṣeré lẹ́yìn ilé, oúnjẹ ni gbogbo eré wa. A ó fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe iyán, a ó fi ewé ṣe ẹran, a ó sì tún jà sí ẹran tó tóbi jù.

Mo wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí wọ́n kéde káàkiri ìlú pé ìjọba ti kó àgbàdo wá sí Tchamba, pé iye tí wọ́n ń tà á kò tó ti ọjà rárá, kí àwọn tálákà lè rí jẹ. Bàbá mi gun zémíjàn lọ. Nígbà tó dé, àpò náà ló wà láàárín òun àti ẹni tó ń wa ọ̀kadà náà, bí ìyàwó tuntun. Faransé wà lára àpò, bàbá sì pè mí.

"Ìwọ tí o ń lọ síléèwé, kí ni wọ́n kọ síbí?"

Mi ò lè kà á. Ojú tì mí, mo ní wọ́n ní kí a jẹ ẹ́ kó dùn.

Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilé mú. "Ìjọba tí kò mọ̀ mí, òun náà ló wá ń kí mi kú oúnjẹ!"

N kò ní purọ́, ọdún yẹn dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a ń jẹ tùwó tó le. Owó tí kò bá oúnjẹ lọ mọ́, ìyá mi fi ra ẹja gbígbẹ, ó fi ra òróró, ó sì ń se ìrẹsì fún wa ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi kún. Àgbàdo náà tún wá ní ọdún kejì, ó sì tún wá ní ọdún kẹta.

Ọdún kẹta yẹn ni bàbá mi kò mú mi lọ sí oko mọ́ nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa. Ó ní kí la fẹ́ tètè yọ iṣu fún nígbà tí oúnjẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kó dàgbà kó tóbi, àwọn alájàpá tó ń ti orílẹ̀-èdè Benin wá, iṣu ńlá ni wọ́n ń wá.

Ìyá àgbà gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Iṣu tí o bá jẹ́ kó gbó tán kí o tó wà á, èbù wo ló máa ta?"

"Ìyá, a ó ra èbù."

"Lọ́wọ́ ta ni? Ohun tí o sọ yìí ni gbogbo Kambolé ń sọ."

"Ẹ̀yin náà ẹ mà jẹ nínú tùwó ìjọba láàárọ̀ yìí."

"Mo jẹ ẹ́. Ẹnu mi ni mo fi jẹ ẹ́, mi ò fi oko mi jẹ ẹ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yọ iṣu.

Iṣu náà tóbi bí itan ọmọdé. Alájàpá kó o tán, kódà ó kó èyí tí à bá gé ṣe èbù, nítorí ó sanwó dáadáa. Bàbá mi fi páànù tuntun bo ilé. Bí oòrùn bá ti yọ, ilé wa á máa dán láàárín àwọn yòókù, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá ń ti iléèwé bọ̀.

Nígbà tí àkókò ọ̀gbìn dé, èbù di góòlù. Bàbá mi wá a dé Goubi, ó wá a dé Bago. Àwọn tó ní kò tà, àwọn tó ń tà sọ iye tó mú un padà wálé. Díẹ̀ ló rí, apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, ìyá mi sì gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀. Òjò dé. Àgbàdo ìjọba kò dé. Bàbá mi lọ sí Tchamba lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù-sí náà wà ní títì, wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa retí. Àgbàdo ọjà ti gun òkè. A kò ní iṣu tí a lè tètè yọ, nítorí kò sí iṣu nínú ebè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá mi ti mọ́sálásí dé, ó rí èèpo iṣu kéékèèké inú apẹ̀rẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó dúró, ó ń wò ó. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú. Ọmọ ò yéé sunkún láti àná."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni mo ti jẹ ẹ́ láti èṣí." Ó wá sún àwo náà sọ́dọ̀ wa. "Ẹ jẹun."

A jẹ ẹ́. Ó dùn, ìyẹn gan-an ló burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó gbójú sókè.

Oko bàbá mi di koríko ní ọdún yẹn. Ó lọ ń kọ ebè fún àwọn ẹlòmíràn ní Bago kí wọ́n lè fún un ní èbù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fún un, a máa ń jẹ ẹ́ kó tó di gbígbìn. Ìyá àgbà kú kí àwọn iṣu tuntun tó jáde. Mi ò padà sí iléèwé. Ọmọ ìlú wa kan tó ń ta oúnjẹ ní Sokodé ní òun ń wá ẹni tí yóò máa fọ abọ́, wọ́n sì fi mí sínú ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà títí di òní. Èdè Tem ni wọ́n ń sọ yí mi ká láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, èyí kò ni mí lára, nítorí n kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà míì àgbàdo ìjọba máa ń wá, ìgbà míì kì í wá. Láyé ìgbà yẹn, bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, àwọn bàbá wa á máa bi ara wọn pé ebè mélòó ni o kọ, irú iṣu wo ni o gbìn. Ní ìsinsìnyí, bí òjò bá rọ̀ ní Kambolé, bàbá mi á pè mí lórí fóònù. Ó rò pé ẹni tó wà nílùú ńlá á ti gbọ́ nípa àgbàdo náà.

"Ṣé wọ́n ti sọ nǹkan?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan, Bàbá."

"Ó dáa. A ó máa retí."