Ẹ̀dínwó Owó Orí Tí Àna Mi Mú Wá

Nígbà tí owó epo fò sókè, iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń ṣe ní Ìsánlú fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Kábbà ni ilé wa wà, mọ́tò mi sì ń mu epo bí omi. Lọ́jọ́ kan, àbúrò ìyàwó mi, tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, wa mọ́tò kan wọ ọgbà wa, a ò gbọ́ ìró rẹ̀ rárá. Àfi ìgbà tó kí wa ní “Okun o”, bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa, la tó mọ̀ pé ẹnì kan dé.

Ó ní háíbíríìdì ni wọ́n ń pè é. Ó ń lo epo, ó sì ní bátìrì ńlá kan lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tó ń gbé e nígbà tí kò bá sáré. Mo yí i po, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Mọ́tò tí kì í dún, ara mi ò gbà á. Mo bi í bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ti kú. Ìyàwó mi fojú bá mi wí.

Èyí tó wá sọ lẹ́yìn náà ló kọ mí lóminú jù. Ó ní ìjọba ń dá díẹ̀ nínú owó orí padà fún ẹni tó bá ra mọ́tò tí kì í mu epo púpọ̀, òun sì mọ ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn gbà á. Nọ́ńbà àkáǹtì mi àti nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì mi nìkan ló kù. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò wojú mi, fóònù rẹ̀ ló ń wò ṣáá. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó.

Láìsọ fún ìyàwó mi, mo lọ sí ọ́fíìsì owó orí ní Lọ́kọ́jà. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún obìnrin tó dá mi lóhùn, títí kan nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ń béèrè. Ó ní bí ẹ̀dínwó bá wà, lẹ́nu ibodè ni, lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, fún àwọn tó ń kó mọ́tò wọ̀lú. Kò sẹ́ni tó ń dá owó padà fún ẹni tó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò.

“Ṣé ẹ ti fún wọn ní nọ́ńbà yẹn?” ló bi mí. Mo ní rárá. Ó ní kí n má fún ẹnikẹ́ni.

Láti ibẹ̀, mo kọjá sí ibi tí àna mi ti ń tajà. Mo bi í ta ni ọkùnrin náà. Ó ti fóònù rẹ̀ bọ àpò.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti fún un ní tèmi. Ó ti kó gbogbo owó mi lọ. Ó ní bí mo bá mú ẹlòmíì wá, òun á dá a padà.”

“Ìwọ náà wá mọ̀ pé olè ni kó o tó wá sílé mi?”

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ojú ló ń tì í ni, tàbí owó rẹ̀ ló ń dùn ún.

Nígbà tó yá, mo ra mọ́tò náà lẹ́yìn tí mẹkáníìkì mi yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, kì í mu epo púpọ̀. Ìyàwó mi bi mí nípa owó orí yẹn, mo ní ìjọba ti fagi lé e. Àmọ́ bí òun àti àbúrò rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní pálọ̀, mo máa ń dín ohùn rédíò kù kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.