Bí Orogún Mi Ṣe Kọ́ Wa Láti Lóṣòó ní Pápá Gọ́ọ̀fù

Àwa obìnrin ìran tèmi, a kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú igbó bí ẹnìkan bá ké. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ wa. Ọdẹ pọ̀ ní Òkè-Ògùn níbí, koríko sì máa ń ga. Bí ọdẹ bá rí i tí ewé ń mì, á ké pé, "Èèyàn àbí ẹranko?" Kíá, o ó dìde ṣánṣán, o ó na ọwọ́ sókè, o ó dáhùn pé, "Èèyàn ni o!" Ẹni tó bá lóṣòó tó dákẹ́, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹtu nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi dé ìdí igi èmì rẹ̀, àwọn igi tí a ń fi èso wọn ṣe òrí. Igi mẹ́rin ló fi lé mi lọ́wọ́ kó tó kú.

Nígbà tó yá, Alaaji kan tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba padà wá sí Ìsẹ́yìn, ó ra ilẹ̀ tí àwọn igi wa wà, ó fi ṣe pápá gọ́ọ̀fù. N ó yìn ín: kò gé igi èmì kankan. Ó gé koríko, ó gbẹ́ ihò, ó fi iyanrìn tí wọ́n fi epo ọkọ̀ pò yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, ṣùgbọ́n ó ní kí á máa wá ṣa èso wa. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé àárọ̀ kùtù là ń ṣa èso èmì, kí ewúrẹ́ tó débẹ̀. Àárọ̀ kùtù náà ni àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń wá, kí oòrùn tó mú.

Lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣà, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ké lọ́ọ̀ọ́kán pé, "Fóò! Fóò!" Ara mi ṣe ohun tó mọ̀. Mo dìde ṣánṣán, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní, "Èèyàn ni o!" Àwọn obìnrin mẹ́rin tí a jọ ń ṣà, orogún mi wà nínú wọn, dìde náà, wọ́n ń ké bíi tèmi. Bọ́ọ̀lù kékeré funfun kan kọjá létí mi, fíìì! Ó ba ara igi, ó ta padà, ó bọ́ sínú bàáfù mi láàárín èso. Ẹ̀yin tí ẹ kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yẹn rí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ó le bí òkúta.

Alaaji sáré dé.

"Ẹ̀yin ìyá, ó tó. N ó mọ ọgbà yí ibí ká. Bí bọ́ọ̀lù bá pa ọ̀kan nínú yín, kí ni n ó sọ fún àwọn ọmọ yín?"

Òrí ni mo fi tọ́ ọmọ méje. Bí wọ́n bá fi ọgbà ya èmi àti igi mẹ́rin yẹn, kí ló kù fún mi?

Orogún mi ló la ẹnu. Èmi ni ìyáálé, òun ni ìyàwó. Ọkọ wa ti kú, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a ṣì jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ó kúnlẹ̀.

"Alaaji, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ jẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe ń ṣe é."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ máa gbá gọ́ọ̀fù ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ mọ ibi tí n ó wà tí bọ́ọ̀lù kò fi ní bà mí ni."

Láti ọjọ́ kejì, bó bá ti kí ìrun àsùbá tán, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gbá a, á máa wò wọ́n. Kò mọ ìwé, kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ karùn-ún tó pé, ó ti mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ewúrẹ́ ilé. Ó ní ẹ̀yìn ẹni tó ń gbá a ni ibi ààbò. Ó ní ọ̀pá tí orí rẹ̀ tóbi bí ìkúùkù, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń rọra tì í lójú iyanrìn kò lè pa eèrà. Ọkùnrin kan wà tó máa ń dé fìlà pupa: ibi yòówù tí ìyẹn ìbáà dojú kọ, ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà sí.

"Bí ẹ bá gbọ́ 'Fóò', bọ́ọ̀lù ń bọ̀ nìyẹn," ó ní, "ẹ má wòkè, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ lóṣòó, kí ẹ fi bàáfù bo orí."

Mo ní, "Bíi ẹtu?"

"Bíi ẹtu gan-an, ìyáálé mi. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹ ẹran tí wọ́n bá pa."

Ẹ̀yìnkùlé la ti kọ́ ọ. Òun á ké, àwa á lóṣòó. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, má yọ ibí yìí kúrò: ìgbà mẹ́ta ni gbogbo wọn lóṣòó tí èmi nìkan dúró gbagidi.

"Ìyáálé mi, ẹ ti kú," ni ó wí. Nígbà kejì, ó ní, "Ẹ tún ti kú." Nígbà kẹta, àwọn ará ilé kejì ti ń rẹ́rìn-ín. Mo bínú, mo ní orúnkún mi kò gbà á mọ́. Kò bá mi jà. Ó bu òrí, ó fi wọ́ orúnkún mi méjèèjì, ó ní kí á tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ pé, Alaaji fúnra rẹ̀ wá dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wá. Onífìlà pupa gbá bọ́ọ̀lù. "Fóò!" Àwọn yòókù ti wà nílẹ̀. Èmi, ẹsẹ̀ mi ti ń nà, ọwọ́ mi ti ń lọ sókè. Ìyàwó di ìṣẹ́tí ìró mi mú, ó fà mí wálẹ̀ gbì, ó sì da bàáfù tirẹ̀ bò mí lórí. Gbàn-ín! Bọ́ọ̀lù balẹ̀ lórí bàáfù náà. Etí mi hó bí ìkòkò.

Alaaji ti dé ọ̀dọ̀ wa. "Ìyá, ẹ fi bàáfù yín bo ẹlòmíràn! Orí tiyín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn igi ni orí tèmi wà, Alaaji. Mo ti mọ̀ pé onífìlà pupa ló kàn."

Alaaji kò rẹ́rìn-ín. Ó wo igi, ó wo ìyàwó.

"N kò ní mọ ọgbà mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kankan kò gbọdọ̀ wọ pápá yìí bí kì í bá ṣe pé ìyá yìí ló ṣáájú rẹ̀. Bó bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró." Ó yíjú sí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. "Ẹ̀yin náà, ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbá."

Nínú ilé wa, ìyáálé ló ń ṣáájú bí a bá ń lọ sóko. Lọ́jọ́ kejì, a dé ẹnu pápá, ìyàwó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá.

Mo ní, "Máa lọ, jàre. Ṣé o fẹ́ kí Alaaji lé mi ni?"

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyáálé mi." Ó dìde, ó bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ sí àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì dúró. Mo tẹ̀ lé e dé ìdí igi.