Gàárì Lẹ́yìn Ẹṣin Ìjọba

Gbàù! Ìró ilẹ̀kùn mọ́tò nìyẹn. Ọ̀gá ọ́fíìsì ti dé. Mo fi ẹ̀yìn bo ẹṣin méjì tí bàbá àgbà mi kùn sára ògiri, àmọ́ kí ni ẹ̀yìn ọmọdé fẹ́ bò?

GRA la wà, àdúgbò àwọn olówó tó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, òórùn ọ̀dà ń ta mí nímú. Wọ́n ní kí Bàbá wá kun àmì Nàìjíríà sí ọ́fíìsì náà. Bó ṣe ń kùn ún ló ń sọ ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi: wọ́n mú ẹyẹ idì torí agbára, wọ́n mú dúdú àárín yẹn torí ilẹ̀ wa tó lọ́ràá, ìlà funfun inú ẹ̀ sì ni Odò Ọya àti Bẹ́núé tó pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ó wá kan ẹṣin.

"Wọ́n ní torí iyì ni wọ́n ṣe yàn wọ́n. Iyì wo ló wà lára ẹṣin tó wà níhòòhò? N'Ìlọrin níbí?"

Ló bá kun gàárì pupa lé wọn lẹ́yìn, ó tún fi wajawaja sí i.

Mẹ́gáàdì rí i láti ẹnu géètì, ó pàtẹ́wọ́. "Ìnnàlìláì! Bàbá, ẹ ti yí àmì ìjọba padà! Àgọ́ ọlọ́pàá lẹ máa sùn o. Ṣé gàárì yẹn lẹ máa fi ṣe ìrọ̀rí?"

"Máa ṣọ́ géètì ẹ, jàre!"

Bàbá ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín. Mo ti ń rí i lójú ọkàn mi tí wọ́n ń wọ́ ọ sínú mọ́tò ọlọ́pàá. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá dé.

Ó rọra gbé mi kúrò níwájú ògiri. Ó wò ó, wò ó, wò ó. Ìtọ̀ fẹ́ẹ̀ bọ́ lára mi.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló fẹ́ gun àwọn ẹṣin yìí?"

Bàbá yíjú sí ògiri. Mo di ṣòkòtò ẹ̀ mú gírígírí.

"Iyì tiwọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gùn wọ́n, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú gàárì yẹn."

Háà, ẹ̀rín tí Bàbá rín lọ́jọ́ náà! "Wàláhì, ẹ pa mí!" Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun, ó ń pa gàárì rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́: "Pẹ̀lẹ́. Ó mà ti wúwo lẹ́yìn ẹ. Sinmi."

Bàbá ò sí mọ́, èmi náà ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ọwọ́ mi ò tiẹ̀ lè yá tó ọ̀rọ̀! Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo ti mọ̀ pé wọn ò bí i mọ́ mi. Gàárì ni, ó ṣeé tú.