Ìbéèrè Tí Radana Bi Í Nínú Mọ́tò

Bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ Ctibor Zelinka di aṣọ́lé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀bùn àbímọ́ ni, irọ́ ló ń pa, ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí adágún àwọn panápaná ní ìlú Lhota dì gbagidi, tí gbogbo ọmọ àdúgbò gbé ọ̀pá họ́kì orí yìnyín jáde. Bàtà yìnyín kan ṣoṣo ló wà nílé Zelinka, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, funfun báláú, wọ́n ya òdòdó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi fẹ́ẹ̀ sunkún. Wọ́n ní kó lọ dúró sáàárín òpó méjèèjì tí gòólù ń gbà wọlé, kí bàtà obìnrin yẹn má baà máa yí kiri lójú àwọn. Ó lọ dúró síbẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Ó ṣe é débi tó dára o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ṣọ́lé ní líìgì àgbà fún ọdún bíi mélòó kan, ó lọ sí Finland, níbi tí kò ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àfi ajá onílé rẹ̀, ó sì padà sí Lhota, sí líìgì kejì, nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Róbà dúdú tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín yẹn le bí òkúta, kò sì síbi tí kò tíì bà á rí, àti akoto orí rẹ̀, àti egungun ìhà rẹ̀. Ọjọ́ tó fọ́ eyín iwájú rẹ̀ méjì ló gbé ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ibẹ̀ ló ti bá Radana pàdé, ọmọbìnrin tó ń gbé irin iṣẹ́ fún dókítà. Ohùn Radana kéré. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, wọn ò bímọ, wọ́n sì ń bá ara wọn gbé láìsí wàhálà.

Ìgbà òtútù tó kọjá yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá dojú rú. Gòólù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lápá ọ̀tún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, aṣọ́lé kì í bojú wẹ̀yìn. Òpó irin méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀, á fi ọ̀pá kan tọ̀tún, á kan tòsì, ìró wọn ló fi ń mọ ibi tí òun wà. Ctibor ṣì ń kàn wọ́n bó ṣe ń kàn wọ́n látilẹ̀. Síbẹ̀, á máa rò pé òun ti dí ọ̀tún pa, á kàn rí i tí iná pupa tó ń kéde gòólù tàn lẹ́yìn òun. Kò yé e. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, dókítà ní ojú rẹ̀ mú ju ti ọmọdé lọ. Ó pààrọ̀ ọ̀pá. Ó pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ó jáwọ́ nínú bíà fún odidi oṣù kan, ohun tí ẹnikẹ́ni ní Lhota ò gbà gbọ́ títí dòní.

"Ìwọ ọmọ Zelinka," ni Bedřich pè é nílé ọtí, níbi tí Ctibor jókòó sí tòun ti ife omi. Bedřich yìí ti ṣọ́lé fún Lhota kí wọ́n tó bí Ctibor, kò sì sí ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀ láyé. "Ìpẹ́ ẹja Kérésì tó ń mú oríire wá, ṣé o fi sí pọ́ọ̀sì?"

"Mo fi sí i, Bàbá. Ọdọọdún ni mo ń fi sí i."

"Apá ọ̀tún ni àbí apá òsì?"

"Pọ́ọ̀sì ni, Bàbá. Ibi tó bá wù mí ni mò ń fi pọ́ọ̀sì sí."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Bedřich wí, ó gbé bíà rẹ̀ mu. "Abájọ."

Ctibor rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó délé ó yọ ìpẹ́ náà, ó tì í bọ inú tìmùtìmù tó máa ń dì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lọ́jọ́ Sátidé, gòólù méjì wọlé lápá ọ̀tún. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Nǹkan ti tojú sú u ni.

Èyí tó tilẹ̀ tojú sú u jù ni ti ilé. Láti ọjọ́ kejì Kérésì, tí wọ́n ti ilé ìyá Radana dé, Radana ti gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ń kó olú gbígbẹ àti ìgò èso sí. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọṣọ, kò sì bá a tàkúrọ̀sọ mọ́. Ctibor bi í pé kí lòun ṣe.

"O mọ̀," ni Radana wí.

"Bí mo bá mọ̀, ṣé màá tún máa bi ẹ́ ni?"

"Bí yìnyín bá ti yọ́, ilé màmá mi ni mò ń lọ. Mi ò ní pariwo, mi ò sì ní bá ẹ jà. Mo ti gba ìdáhùn mi."

Ìdáhùn wo? Ctibor rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí i já. Kò yan àlè, kò gbọ́wọ́ sókè sí i rí, kò gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ra òdòdó méje bọ̀ wálé. Ọ̀kan ṣẹ́ nínú mọ́tò, ó sọ ọ́ nù, kò sì ronú sí i. Radana kà á lẹ́nu ọ̀nà.

"Mẹ́fà," ló wí. "Ṣé itẹ́ òkú lò ń lọ lo fi ṣìnà wálé?"

Ojú ti Ctibor. Ọmọ ọdún mẹ́rin ní Lhota mọ̀ pé òkú nìkan là ń ka òdòdó ní méjì méjì fún. Ó fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ife fúnra rẹ̀, ó jókòó tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, torí yìnyín adágún ti ń sán létí.

Ọjọ́ tí wọ́n pàdé Havlova Ves, ọ̀tá wọn láti ayébáyé, ni gbogbo rẹ̀ wá tú jáde. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, wọ́n wà ní ọ̀mì. Róbà yí lọ sẹ́yìn ilé, lápá ọ̀tún, Ctibor sì jáde lọ láti gbá a dànù. Àfi gbì. Kryštof, ọmọkùnrin tó máa ń dúró níwájú rẹ̀ lápá ọ̀tún, ti já lù ú, àwọn méjèèjì nà gbalaja. Ọmọ Havlova Ves kan wá rọra ti róbà sínú ilé tó ṣófo.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá ìmúra, Kryštof ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ké sí yín."

"O ò ké sí mi."

"Mo ké, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó jókòó lókè lọ́hùn-ún gbọ́ mi."

"Ẹnu ẹ ò là rárá, Kryštof. Òpùrọ́ ni ẹ́. Mo ti ń ṣọ́lé nígbà tó ò tíì lè jókòó, o wá ń kó ẹ̀bi ẹ bò mí."

"Ctibor, ó tó," ni Kóòṣì Brázda wí. "Èmi alára gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí."

Ctibor wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kálukú ń wo bàtà rẹ̀. Ó mọ Brázda láti bí ọdún pípẹ́, Brázda kì í purọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pa. Ta ló wá ya wèrè níbẹ̀, àwọn ni àbí òun? Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé láìwẹ̀.

Kò bọ́ kóòtù tó fi jókòó sídìí tábìlì. Radana ń ro ọbẹ̀ aáyù lórí iná. Kì í ṣe Radana ni Ctibor ń bá sọ̀rọ̀, ó ti mọ̀ pé kò ní dá òun lóhùn. Ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

"Wọ́n ti para pọ̀. Kryštof lóun ké sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀tún mi níbí, mi ò sì gbọ́ nǹkankan. Brázda náà tún wá ń gbè é."

Síbí Radana dúró nínú ìkòkò. "Ọ̀tún?"

"Ọ̀tún, mo ní."

Radana mú síbí náà dání. Ó yí gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró lápá ọ̀tún, ó sì fi ohùn rẹ̀ kékeré yẹn bi í bóyá kóun bu ọbẹ̀ fún un. Ctibor ń wo tábìlì. Radana yí lọ sápá òsì, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, bó ṣe sọ ọ́ níṣàájú gẹ́lẹ́.

"Bu díẹ̀," ni Ctibor wí.

Ó tún padà sọ́tùn-ún. "Ctíbo, ewúrẹ́ ni ẹ́." Ctibor ń já búrẹ́dì. Radana bá fa àga, ó jókòó, ọbẹ̀ ń kán láti ara síbí sórí aṣọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ctibor ò mọ èwo ni kóun bá a ṣe.

"Kí ló dé?"

Ó ti àga rẹ̀ sápá òsì kó tó sọ̀rọ̀. "Nígbà tá à ń bọ̀ láti ilé màmá mi lọ́jọ́ kejì Kérésì, kí ni mo bi ẹ́ nínú mọ́tò?"

"O ò bi mí ní nǹkankan. Fèrèsé lò ń wò."

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè. Ìwọ lò ń wa mọ́tò, ọ̀tún ẹ ni mo jókòó sí. O ò dáhùn. O ń súfèé, Ctíbo. Mo rò pé o kọ etí ikún sí mi ni."

Ctibor fi búrẹ́dì sílẹ̀. "Kí lo bi mí?"

"Rárá. Ó pẹ́ kí n tó láyà láti bèèrè ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí mo lè tún máa bèèrè nídìí ọbẹ̀ aáyù."

"Ṣé o ṣì ń lọ?"

"Mi ò mọ̀," ni Radana wí. "Jẹun."

Dókítà etí sọ pé etí ọ̀tún ti kú. Gbogbo ìgbà tí róbà ń ba akoto rẹ̀ ló ń pa á díẹ̀díẹ̀, jẹ́jẹ́, débi tí ẹni tó ni ín ò fura, kò sì ní jí mọ́. Ìró òpó ọ̀tún yẹn, etí òsì ló ń bá a gbọ́ ọ láti òkèèrè, ìyẹn ló fi ń ṣi ibẹ̀ gbé. Bedřich ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní ta ló fẹ́ yọjú wo inú etí ẹlòmíràn. Ó ṣe é ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ctibor ti pe ọmọ ọlọ́mọ ní òpùrọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, etí tó gbọ́ àlọ ló sì yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó dìde nínú yàrá ìmúra.

"Kryštof, ìwọ lo jàre. O ké sí mi. Etí mi ọ̀tún ti kú, èmi ni mi ò mọ̀. Má bínú."

"Kò tó nǹkan, Ẹ̀gbọ́n," ni Kryštof wí. "Láti òní lọ, òsì ni màá ti máa pariwo."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ctibor náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ Brázda ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Matouš, ọ̀dọ́ aṣọ́lé tó ń dúró dè é, ló gba ilé. Ctibor lọ jókòó sípẹ̀kun bẹ́ǹṣì, níbi tí aṣọ́lé kejì ń jókòó sí, ó ń ṣí géètì kékeré fún àwọn tó ń wọlé àtàwọn tó ń jáde. Ó ń ṣí i dáadáa. Ó dùn ún dé egungun, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí eré ọdún náà parí, adágún ti di omi pátápátá. Radana, tí kò wá wòran rí láti Kérésì, dúró ti mọ́tò níta, báàgì rẹ̀ sì wà nínú bùùtù. Ctibor rí báàgì náà. Ó fi ọwọ́ sí àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí i. Ẹ ní láti mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa mọ́tò òun, àfi ọjọ́ tí wọ́n la orúnkún rẹ̀.

"Ṣé o ti mutí ni?" ni Radana bi í.

"Rárá. Apá ọ̀tún ni mo fẹ́ jókòó sí."

Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé Radana. Ó gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kọjá ilé ìlagi, wọ́n dé oríta tí ọ̀nà òsì ti lọ sílé ìyá rẹ̀, tí tọ̀tún sì lọ sílé ẹ̀gbẹ́ igbó. Radana dúró níbẹ̀. Iwájú ló ń wò, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ṣé o ṣì ń fẹ́ mi, Ctíbo, àbí mo kàn ti mọ́ ẹ lára ni?"

Ctibor gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó já bọ́. Ohun tó wà nínú mọ́tò yìí láti Kérésì nìyẹn, tí òun sì ń súfèé lé lórí.

"Mo ń fẹ́ ẹ."

"Mi ò gbọ́," ni Radana wí. "Etí ọ̀tún mi ló wà lọ́dọ̀ ẹ."

Ó tún un sọ, ó sì pariwo rẹ̀ débi tí bàbá arúgbó kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fi bojú wò wọ́n. Radana nu ojú rẹ̀, ó tan iná ọ̀tún mọ́tò, wọ́n sì yà sọ́nà ilé.