Ọ̀nì Tí Wọ́n Kọ Láìsí Àmì

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣọ́ Ìsun Olómitútù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pariwo lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí mo pariwo fún sì dá mi lóhùn pé, "Àmín."

Kí n tó dé ibẹ̀, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe náílọ́ọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Ṣàngó Toll Gate. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ìjọ tuntun kan gba ilé ńlá ibẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ mi dúró sí tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé àga Wòlíì wọn sí. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ ní Ọ̀tà kí ìjọ kan má yọ, bí kì í bá ṣe ìjọ, yunifásítì ni. Àwa tí a kò lè wàásù, tí a kò sì níwèé tí a lè fi kọ́ni, là ń wáṣẹ́ kiri.

Bí mo ṣe bá ara mi lọ́nà Ìgbẹsà nìyẹn, níbi tí olówó kan ti sọ ìsun omi àwọn ará abúlé di sípáà. Sípáà ni ibi tí èèyàn ti ń sanwó kó tó wẹ̀. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, odò tiwa kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Wọ́n á fi aṣọ funfun wé oníbàárà, wọ́n á fi ẹrẹ̀ pa á lójú, òun á sì máa dúpẹ́. Ẹrẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá mi máa ń torí rẹ̀ nà mí tí mo bá gbé e wọlé.

Igbó tó yí ìsun náà ká jẹ́ igbó ààbò: ìjọba ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ẹranko inú rẹ̀. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, awọ́nrínwọ́n wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ibẹ̀ ní tòótọ́ ni ọ̀nì kan, abo, arúgbó, tó ń gbé inú adágún tí ìsun náà ń ṣàn sí. Màmá là ń pè é.

Bàbá Ìdòwú ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, ọdẹ sì ni kí òfin tó sọ ọ́ di olùtọ́jú àwọn tó ń pa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé garawa ẹja epìyà lé mi lọ́wọ́.

"Ará òkè, ṣé o máa ń sáré?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré létí omi, oúnjẹ ló jọ lójú Màmá. Fún un lẹ́ja láràárọ̀, kí o sì máa rìn jẹ́jẹ́. Ọ̀nì tó bá ti yó, kò wá ìjà."

Oṣù kan gbáko ni mo fi bẹ̀rù rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Nígbà tó yá, mo fẹ́ràn rẹ̀, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́. Tó bá ti gbọ́ ìró garawa, yóò yọ imú sókè bí ìyá àgbà tó gbóòórùn ọbẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ní kí a ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́ etí adágún. Mo kọ ohun tó yẹ kó wà lára rẹ̀ sínú ìwé fún Mánéjà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: Ẹ ṢỌ́RA, Ọ̀NÌ WÀ NÍNÚ OMI. Mánéjà wò ó, ó fajú ro.

"Kí ni gbogbo dọ́ọ̀tì wọ̀nyí?"

"Àmì èdè ni, sà."

"Ó dà bíi pé eṣinṣin su sí i. Àwọn pùrófẹ́sọ̀ yunifásítì ń wá síbí o. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé ará oko ni wá ni?"

"Tí a bá yọ wọ́n, sà, kò ní yéni."

"Ta ni kò gbọ́ Yorùbá? Yọ wọ́n."

Bí pátákó náà ṣe dúró nìyẹn, pẹ̀lú lẹ́tà pupa gàdàgbà: E SORA ONI WA NINU OMI. Mo rí i, ọkàn mi ní kò dáa, mo sì dákẹ́ nítorí oúnjẹ ẹnu mi. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní dì í ru ẹlòmíràn.

Olùkọ́ yunifásítì kan ló kọ́kọ́ kà á. Ó kà á sí "òní", ìyẹn ọjọ́ tí a wà yìí. Ó ní òwe ìjìnlẹ̀ ni, ó yà á ní fọ́tò. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀nì ni, ẹranko inú omi. Ó ní ìtumọ̀ kejì nìyẹn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wòlíì ni kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Wòlíì tó jókòó síbi ẹ̀rọ mi náà ni. Ó wá sinmi ní sípáà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ka pátákó náà, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ẹ ṣọ́ra, òní wà nínú omi. Ó ní ohun tí òun ti ń gbàdúrà lé lórí, Ọlọ́run ti bá òun kọ ọ́ sórí pákó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì ìjọ mẹ́ta kó èèyàn wá láti gba "òní" wọn: ẹni tó ń wá ọkọ lónìí, ẹni tó ń wá físà lónìí, ẹni tó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ gbé òun ga lónìí.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti fún Màmá lẹ́ja láàárọ̀. Mo wà nínú igbó, mo ń tú tàkúté tí ẹnì kan dẹ, nígbà tí mo gbọ́ orin. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, Wòlíì ti wọ omi dé orókún, obìnrin bíi mẹ́wàá sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Lódìkejì adágún, mo rí imú kan tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀nì wà nínú omi o!"

"Àmín," gbogbo wọn dáhùn.

"Ọ̀nì ni mo wí. Mi ò sọ pé òní."

Ìyá kan tó dúró sí etí omi rẹ́rìn-ín sí mi. "Ará òkè ni," ó sọ fún ẹni kejì rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wọn nìyẹn."

Ìgbà náà ni Màmá gbé ẹ̀yìn jáde láàárín wọn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sá, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé inú bọ́ọ̀sì, nítorí sùtánà funfun kì í fara pamọ́. Màmá ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ yá oòrùn. Wíìgì kan nìkan ló ṣòfò.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìdájọ́ ti jáde. Ìjọ ní ẹ̀mí èṣù ni. Mánéjà ní ẹ̀mí èṣù kò dáa fún oníbàárà. Ó ránṣẹ́ sí ọdẹ kan ní Adó-Odò pé kó gbé ìbọn wá ní Mọ́ńdè.

"Ìjọba ló ń dáàbò bò ó, sà," mo ní.

"Ìjọba ò gba yàrá níbí rí."

Ọkàn mi bàjẹ́. Ẹnu tí mo pa mọ́ nítorí pátákó ló fẹ́ pa Màmá yìí. Mo lọ bá Bàbá Ìdòwú, mo ní mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mánéjà.

"Fi Mánéjà sílẹ̀," ó ní. "Ẹni tójú ń tì ni kí o lọ bá. Ẹni tójú ń tì kì í lé ẹni tó bá a gbé aṣọ wá."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ ilé iṣẹ́ mi àtijọ́, mo dúró kí ìsìn parí, mo lọ bá Wòlíì.

"Bàbá, mo wá kí yín kú oríire."

"Oríire kí ni?"

"Ẹ wọ omi tí ọ̀nì wà. Ó wò yín, kò lanu. Kìnnìún ni ti Dáníẹ́lì, ọ̀nì ni tiyín."

Ó tún ọrùn sùtánà rẹ̀ ṣe. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń wọlé.

"Àwọn kan ń sọ pé mo sá," ó ní.

"Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀sì fún àwọn àgùntàn yín ni, sà."

Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Ọlọ́run á bù kún ọ, arákùnrin."

Nígbà tí ọdẹ dé ní Mọ́ńdè, àwọn ọmọ ìjọ ti yí adágún ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ṣe tán láti lu ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ìyanu. Ọdẹ wo èrò, ó wo ìbọn rẹ̀, ó béèrè ibi tó ti lè rí ọ̀kadà padà sílé. Mánéjà náà wo iye bọ́ọ̀sì tó wà níta, ó ní òun ti fẹ́ràn ẹranko láti kékeré. Lẹ́yìn náà ó fà mí sápá kan. "Àwọn dọ́ọ̀tì yẹn," ó ní, "dá wọn padà." Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dábàá pé kí a pa Màmá. Ní gbogbo Sátidé, Wòlíì á kó ìjọ wá, á ti ẹsẹ̀ kan bọ omi, á sì wàásù lórí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò nílé, fóònù mi á kọ́kọ́ dún.

"Arákùnrin, ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti yó, sà."

Báyìí la ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí mo fi fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì kan. Wọ́n fún mi ní aago ògiri, Mánéjà sọ̀rọ̀ gígùn, mo sì lọ bọ́ Màmá fúnra mi, mo sunkún níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo ń mu ògì nílé nígbà tí fóònù dún.

"Arákùnrin, ṣé ó ti jẹun?"

"Ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, sà. Mi ò lè sọ."

Ó ní Ẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá òun sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, pé kí ìjọ sinmi nílé lọ́jọ́ náà.