Ọjọ́ Tí A Sọ Katapílà Kalẹ̀ ní Igbó-Elérin

Bí wọ́n bá di ojú mi, tí wọ́n sì sọ mí kalẹ̀ níbikíbi láàárín Okokomaiko sí Ìyànà Ìbà, imú mi á sọ ibi tí mo wà fún mi. Òórùn dísẹ́ẹ̀lì ló máa kọ́kọ́ wọlé, èyí tó ti rin ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì gbingbin láti ọdún tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti ń sinmi níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àgbàdo sísun, àti eruku ọ̀nà tí wọn ò tíì ṣe tán. Ṣùgbọ́n bí o bá yà sí Igbó-Elérin lẹ́yìn òjò, òórùn kan wà níbẹ̀ tí kò jọ ti ibòmíràn: òórùn yanrìn tútù, yanrìn funfun abẹ́ ilẹ̀ tí omi kò jìnnà sí. Òórùn yẹn ni mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ọkàn mi fi padà sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Lóbẹ́ẹ̀dì ni mo ń wà nígbà yẹn, ọkọ̀ gígùn ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń gbé katapílà, irin ńlá alápá gígùn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ìwọ náà mọ̀ mí, mi kì í fi ara mi sípò kejì. Lójú mi, awakọ̀ lóbẹ́ẹ̀dì ni ọba gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá lè gbé irin tó tóbi tó ilé gba àárín ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá Ìyànà Ìbà kọjá láìfara kan ẹnikẹ́ni, kí ló tún kù tí kò lè ṣe? Bàbá tó máa ń wa katapílà tí mo bá gbé ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Bàbá Katapílà ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń ní, "Bàbá, ẹrù mi lẹ̀yin àti irin yín o. Bí mi ò bá gbé yín, ẹ ò lè dé ibì kankan." Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Òótọ́ ni, awakọ̀. Máa rọra wà wá lọ." Èmi rò nígbà náà pé iṣẹ́ wọn kò ju kí ènìyàn jókòó, kó máa ti ọ̀pá méjì síwá sẹ́yìn lọ.

Òwúrọ̀ Sátidé kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. A gbéra láti Okokomaiko, a ń gbé katapílà lọ sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ ojú àgbàrá ní apá Ọ̀jọ́. A ò tíì rìn jìnnà nígbà tí obìnrin kan sáré bọ́ sójú títì níwájú mi, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì kò sí, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fi àyà dá ọkọ̀ dúró. Mo tẹ bíréèkì títí gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ fi ké. Ẹnu mi ti là láti bú u, kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí! Ilẹ̀ ti wó lu ènìyàn nínú kànga mi! Ó ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́!"

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni obìnrin náà, ọmọ Èkìtì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé sí ìbẹ̀rẹ̀ Igbó-Elérin, àdúgbò tó ya kúrò lójú títì níbẹ̀. Ìwọ̀nyí ni mo gbọ́ lẹ́yìn. Ohun tó wà lọ́kàn mi lásìkò náà ni òfin iṣẹ́ wa: o kò gbọdọ̀ sọ katapílà kalẹ̀ níbi tí ẹni tó ni ín kò rán ọ. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọrùn rẹ ló wà. Mo yíjú sí bàbá kí n lè rí ẹni bá mi sọ pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n ti tẹ̀ ba, wọ́n ń tú okùn bàtà wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, wọ́n ní bàtà kì í jẹ́ kí àwọn mọ ohun tí ẹ́ńjìnì ń rò.

Mo ní, "Bàbá, ọ̀gá ńkọ́?"

"Bó bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo ní kí o yà."

Mo yà. Ọ̀dọ́kùnrin agbẹ́kànga kan, ará Ègùn láti ọ̀nà Àgbádárìgì, ló wà nínú kòtò tó jìn ju ìdúró rẹ̀ lọ, yanrìn sì ti bò ó dé àyà. Ní ilẹ̀ oníyanrìn bíi tiwa yìí, o kàn kì í gbẹ́ kànga lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ríìngì sìmẹ́ńtì ńlá kan sílẹ̀, agbẹ́kànga á wọ inú rẹ̀, á máa wa yanrìn abẹ́ rẹ̀, ríìngì á sì máa rì bó ṣe ń gbẹ́ ẹ. Bí ti àkọ́kọ́ bá wọlẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn lé e. Ríìngì ni ògiri rẹ̀, òun náà ló ń dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́rin ló ń yí ríìngì kan, òjò òwúrọ̀ náà kò sì jẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tètè dé. Ó ní kí òun kúkú bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó dé. Gbogbo ríìngì náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lọ́hùn-ún, wọ́n tò wọ́n kalẹ̀, kò sí ìkankan nínú ilẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń fi ṣọ́bìrì kó yanrìn. Bí wọ́n bá kó ṣọ́bìrì kan, méjì á ya wọlé.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀dọ́kùnrin náà ni mò ń bọ̀ yìí. Nínú iṣẹ́ lóbẹ́ẹ̀dì, a kì í jẹ́ kí katapílà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bí ọkọ̀ bá lè gbé e débẹ̀, nítorí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ba ọ̀nà jẹ́. Awakọ̀ tó bá mọṣẹ́, ẹnu ọ̀nà gan-an ló ń gbé e dé. Bàbá ní, "Dúró síbí, màá rìn ín lọ." Mo ní, "Bàbá, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi." Mo wa lóbẹ́ẹ̀dì náà wọlé, ọkọ̀ àti ẹrù, mo gbé e sún mọ́ ọgbà bí ẹni ń ṣe àṣehàn fún èrò ìwòran. Mo gbọ́ igbe. Nígbà tí mo fi yọjú, ilẹ̀ tí ọkọ̀ mi mì ti rọ́ wọ inú kòtò, yanrìn tó wà ní àyà ọkùnrin náà ti dé abẹ́ apá rẹ̀.

Obìnrin onílé náà wo ọkọ̀ mi, ó wo kòtò, ó sì wò mí. Ì bá kúkú bú mi. Bàbá ò pariwo mọ́ mi rárá. "Pa á," ni wọ́n sọ. "Má tàn án mọ́." Mo pa ẹ́ńjìnì, mo sì bọ́ sílẹ̀.

Bàbá ní kí gbogbo ilé tó wà nítòsí pa jẹnẹrétọ̀ wọn kí ilẹ̀ má bàa máa mì. Wọ́n sọ katapílà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ arúgbó kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì gbé e gba orí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. A ń tẹ́ pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, títí ó fi dúró níbi tó jìnnà jù tí apá rẹ̀ ṣì lè na dé kànga. Gbogbo wa rò pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ni. Wọn kò fọwọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sórí pákó létí kòtò, wọ́n sì bá ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, nínú gbogbo wa níbí, ta ló mọ kànga gbẹ́ jù?"

Ọkùnrin náà dáhùn láti ìsàlẹ̀, "Èmi ni, bàbá."

"Tí mo bá gbé ríìngì wá bá ọ níbẹ̀, ṣé wàá lè máa gbẹ́ yanrìn inú rẹ̀?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí kò rí wọn rí. Ó ní, "Ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè. Ẹ gbé e wá."

Ṣéènì tí mo fi ń de katapílà mọ́ ọkọ̀ ni a fi de ríìngì náà ní ọ̀nà mẹ́ta, a sì fi kọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ irin tó wà lẹ́nu apá katapílà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá yẹ ìdè náà wò kí wọ́n tó gòkè lọ jókòó. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: sìmẹ́ńtì tí ọkùnrin mẹ́rin ń làágùn kí wọ́n tó yí i, ó so rọ̀ lórí orí ènìyàn, ohun tó sì máa ṣẹ́ kù láàárín òun àti èjìká rẹ̀ bó bá ń kọjá kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ṣéènì bá yọ̀, kò sí ohun tí a óò máa gbà là mọ́. Nígbà tí ríìngì náà dé òkè kànga, ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀. Bàbá dúró. Wọn ò ṣe nǹkan kan rárá, wọ́n kàn ń wò ó, títí ó fi rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tí kò mì mọ́. Lẹ́yìn náà ni apá irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ débi pé mo ní láti fi ojú wọ̀n ọ́n mọ́ ara ọgbà kí n tó mọ̀ pé ó ń lọ. Mo rí ẹsẹ̀ lásán bàbá lórí pẹ́dàlì, àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ń ká, wọ́n ń nà, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Agbẹ́kànga náà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ ríìngì náà, ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó kọjá ọwọ́ rẹ̀. Ó kọjá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo rí ojú ọkùnrin náà tó wọnú ríìngì lọ, mo sì di ojú tèmi. Ẹnì kan ń pe Jésù, ẹnì kan ń pe Allah, èmi ò rántí ẹni tí mo pè. Nígbà tí mo lajú, ríìngì ti jókòó sórí yanrìn. Kò dún. Bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní ló ṣe jókòó.

Èmi ni mo fi okùn sọ abọ́ sílẹ̀ fún un. Gbogbo wa tẹ́tí sí kànga. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni a gbọ́ ọ: abọ́ ń ha yanrìn. Ọkùnrin náà ti ń gbẹ́ ara rẹ̀ jáde. Mo fa abọ́ kìíní sókè, mo da á nù, mo tún sọ ọ́ sílẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe títí okùn fi bó àtẹ́lẹwọ́ mi, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. Ríìngì ń rì díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà wọlé mọ́. Bàbá ò bọ́ sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà. Katapílà ló ń di ríìngì mú kó má bàa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó bá sì rì ní ìka kan, wọ́n á sọ apá irin sílẹ̀ ní ìka kan. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ wọlẹ̀ tán, wọ́n fi ọgbọ́n kan náà gbé èkejì lé e. Oòrùn ti dé àtàrí kí a tó gbọ́ ohùn láti inú kànga.

"Ẹsẹ̀ mi ti yọ o!"

Bí àwọn ènìyàn ṣe fi okùn fà á jáde, ó jókòó sílẹ̀, yanrìn ló kún irun àti etí rẹ̀. Ó wo obìnrin onílé, ó ní, "Màmá, kànga yín ti dé ìdajì o." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dojú kọ katapílà níbi tí bàbá ṣì jókòó sí.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lágbára ni. Ọjọ́ yẹn ni mo rí agbára fúnra rẹ̀ tó ń ṣe ẹ̀sọ̀.

Mo gun katapílà lọ bá bàbá, mo fẹ́ kí wọn, mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n fún àṣìṣe mi, mo mú omi inú ọ̀rá kan lọ́wọ́. Mo nà án sí wọn. Wọ́n gbà á, ó bọ́. Mo mú un, mo tún nà án, ó tún bọ́. Ìgbà náà ni mo wo ọwọ́ wọn. Ó ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí ibà mú. Wọ́n ní, "Bá mi já a." Mo fi eyín já etí ọ̀rá náà, mo sì gbé e sí wọn lẹ́nu, nítorí wọn ò lè dì í mú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Rárá o. Níbo ni màá ti rí i ṣe? Ẹ̀rù ti ń bà mí látìgbà tí obìnrin yẹn ti dá wa dúró."

Bàbá ló kọ́ mi ní katapílà lẹ́yìn náà, iṣẹ́ náà sì ni mo ń ṣe títí di òní. Mo ti kúrò lẹ́ni tó ń rò pé ẹ̀rù kì í ba akọni. Ẹ̀rù ba bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò sì jẹ́ kó dé ọwọ́ wọn títí ọmọ ọlọ́mọ fi jáde. Èmi, tí ẹ̀rù kankan ò bà nígbà tí mò ń wa ọkọ̀ lọ sí ẹnu kòtò, èmi ni mo da yanrìn lé e lórí. Bí mo bá jókòó sínú irin yẹn lónìí tí mo rí ènìyàn nítòsí, ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà mí, mo sì máa ń dúpẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀rù ò bá bà mí mọ́, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.