Àdúrà Tí Mo Gbà Nínú Ìpàdé Bọ́ọ̀dù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà, kódà èyí tí a bá fi ọgbọ́n díẹ̀ sí.

Òórùn tòmátì tó ti rọ̀ ni mo fi ń rántí yàrá ìpàdé wa ní Kétu. Ilé-iṣẹ́ wa ló ń kó ata àti tòmátì wá fún àwọn oníṣòwò ọjà Máìlì 12, ọkùnrin nìkan ló sì wà nínú bọ́ọ̀dù rẹ̀ kí wọ́n tó fi èmi náà kún un. Wọ́n yẹ́ mi sí gan-an. Bí mo bá ti wọlé, wọn á fa àga fún mi: "Mọ́mì, ẹ bá wa gbàdúrà." Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá nawọ́ láti sọ̀rọ̀, Alága á ní, "Mọ́mì, a ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín," wọn ò sì ní dé ọ̀dọ̀ mi títí oúnjẹ á fi dé. Oúnjẹ dé tán, gbogbo wọn á wá máa wojú mi pé kí n bù ú fún wọn, bí ẹni pé èmi ni mo fi ṣíbí pamọ́.

Wọ́n wá fẹ́ ra ilẹ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Owódé, láti fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n lọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbé àdúgbò náà rí. Ọkọ̀ ojú omi ni mo fi ń lọ kí i nígbà òjò. Mo nawọ́ títí apá fi ń ro mí. "A ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lùwé pé, wọ́n ní kí n gbàdúrà sí i. Mo dijú.

"Bàbá, bùkún Alága wa."

"Àmín!"

"Má jẹ́ kí a kọ́lé sórí ilẹ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún, kí tòmátì wa má baà lúwẹ̀ẹ́ lọ sí Àgbóyì."

"Àmín!" Ti Alága ló dún jù. Alága fúnra wọn wá la ojú kan. "Mọ́mì, ṣé àdúrà nìyẹn?"

"Ẹ ti ṣe àmín sí i, sà."

Akápò wa, tó jẹ́ díákónì, gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dúró dìgbà òjò o. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmín lé lọ."

Nígbà tí òjò dé, gbogbo wa lọ. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀. Alága gbá bàtà wọn mọ́ra, wọ́n bi atukọ̀ pé ilẹ̀ náà dà.

"Ilẹ̀ tí ẹ ń bèèrè? Orí ẹ̀ la wà yìí."

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kejì wọ bọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ní kó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Alága fò dìde: "Rárá o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Àdúrà àwọn obìnrin bọ́ọ̀dù yìí ti le jù!" Akápò ló ń gbàdúrà báyìí, òun náà ló sì ń bu ìrẹsì. Mo ti wá mọ̀ pé wọ́n lè fún èèyàn ní àga láìfún ọ̀rọ̀ rẹ̀ láyè.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí apá ro ọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Wàá rí ẹni ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ.